Ariwo 'kẹ́kẹ́kẹ́' nínú ẹ́ńjìnnì díísù: Ẹ tètè wo ṣéènì o, kó tó já sójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́!

Kò sẹ́ni tó mọ ìlú Ọ̀yọ́ tí kò ní í mọ ọjà Akẹ̀sán. Iwájú ààfin Aláàfin gan-an ló wà, ọjà ọba ni. Lóṣù kìn-ín-ní, ọdún 2020, iná jó ọjà náà, ọ̀pọ̀ òǹtajà ló sì pàdánù ohun tí wọ́n ti fi ọjọ́ pípẹ́ kó jọ, kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó tún un kọ́. Ẹni tó bá fojú rí ìyẹn mọ̀ pé òfò ọjà kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ṣeré. Ṣùgbọ́n òfò mí-ìn wà tí kì í pariwo bíi ti iná, tó sì ń gbowó lọ́wọ́ ọlọ́jà. Òun ni ti mọ́tò tó kú sójú ọ̀nà tòun tẹrù.

Ẹ jẹ́ ká mú un báyìí pé ìyá kan háyà mọ́tò Mercedes díísù àtijọ́, ó di tòmátì àti iṣu kún un l'Ógbómọ̀ṣọ́, ó forí lé Akẹ̀sán. Ọ̀nà náà lé ní kìlómítà 50. Bí mọ́tò bá kú sáàárín méjì, iṣu lè dúró dọ̀la, ṣùgbọ́n tòmátì ò ní í dúró de mẹkáníìkì. Owó ìyá ti wọgbó nìyẹn. Awakọ̀ náà á wá gbọ́ ti ẹ̀ lẹ́nu mẹkáníìkì pé, "Ọ̀gá, ẹ́ńjìnnì yín ti lọ, ẹ lọ wá òmí-ìn."

Ohun tó ń dunni jù níbẹ̀ ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ́ńjìnnì ọ̀hún ti ń sọ̀rọ̀ tipẹ́. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn ni.

KÍ NI ṢÉÈNÌ YÌÍ Ń ṢE GAN-AN?

Ẹ́ńjìnnì díísù kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń sáná bíi ti bẹntiróòlù. Afẹ́fẹ́ ló ń fún pọ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì Mercedes 240D, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà lọ́dún 1973, afẹ́fẹ́ tó bá wọlé, písítìn á tẹ̀ ẹ́ títí tí yóò fi kù sí ìdá kan nínú 21. Gbígbóná tó máa ń gbóná nígbà náà ló ń jẹ́ kí díísù gbiná fúnra ẹ̀ bí nọ́sù bá ti tu ú sínú rẹ̀. Rudolf Diesel, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí wọ́n bí sí Paris lọ́dún 1858, ló gbé ọgbọ́n yìí jáde. Òun náà ló wọ ọkọ̀ ojú omi lọ́dún 1913, tó ń lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọn ò rí i láàyè mọ́.

Bí gbogbo ẹ̀ ṣe rí yìí, àsìkò ló ṣe pàtàkì jù. Fáàfù gbọ́dọ̀ ṣí lásìkò, kó sì pa dé lásìkò. Póǹpù díísù gbọ́dọ̀ tu epo lásìkò. Ṣéènì ló so kíránkì tó wà nísàlẹ̀ pọ̀ mọ́ kámúṣáfù tó wà lókè, òun náà ló sì ń yí póǹpù. Bí kíránkì bá yí ẹ̀ẹ̀mejì, kámúṣáfù gbọ́dọ̀ yí ẹ̀ẹ̀kan péré. Ṣéènì dà bí onílù fún oníjó. Bí onílù bá ṣìlù, oníjó á ṣẹsẹ̀ gbé.

ÌDÍ TÓ FI Ń JẸ

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ṣéènì ti "fà". Irin kì í fà bíi rọ́bà. Ojú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ díẹ̀díẹ̀ níbi tí irin ti ń ha irin. Bí ojú kan bá jẹ bí irun orí, ẹ wo iye ojú tó wà lára ẹ̀, ẹ wá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ó ti gùn nìyẹn.

Ọ́ìlì tí wọn kò pààrọ̀ lásìkò àti ọ́ìlì ayédèrú ló ń yá ìparun ẹ̀ jù. Ẹni tó ń fi owó ọ́ìlì pamọ́, owó ẹ́ńjìnnì ló ń kó jọ tí kò mọ̀.

Àmì ẹ̀ kò fara sin. Mọ́tò kì í fẹ́ ta láàárọ̀, agbára ẹ̀ á dín kù lórí òkè, èéfín á pọ̀ sí i, ariwo kẹ́kẹ́kẹ́ á sì máa jáde níwájú ẹ́ńjìnnì. Àmọ́ nọ́sù tó bàjẹ́ lè fa díẹ̀ nínú ìwọ̀nyí, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kéèyàn gba ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì tó kàn tẹ́tí lásán. Ó ní bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n.

BÍ WỌ́N ṢE Ń WỌ̀N Ọ́N, TÍ WỌ́N SÌ Ń PÀÀRỌ̀ Ẹ̀ NÍLÉ

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. Ẹ fi òkúta dí táyà, ẹ fi gíà sí ọ̀fẹ́, ẹ yọ orí bátìrì. Ẹ ṣí ìdérí tó wà lórí fáàfù. Lára kámúṣáfù àti ibi tó jókòó lé, àmì wà. Ẹ fi sípánà yí kíránkì sí ọ̀nà tó máa ń yí sí títí tí àmì méjèèjì á fi ko ojú síra. Ẹ wá wo nọ́ńbà tó wà níwájú kíránkì nísàlẹ̀. Bí ṣéènì bá dáa, kò yẹ kó fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí òdo. Bó bá ti ń lọ sí dígírì 5, ẹ máa múra owó tuntun. Bó bá ti wọ 10, ẹ má gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́.

Nínú àwọn Mercedes díísù yẹn, kò pọn dandan kí wọ́n tú iwájú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Wọ́n á yọ púlọ́ọ̀gì tó ń mú un gbóná, kí kíránkì lè rọrùn yí. Wọ́n á fi àkísà dí gbogbo ihò, tórí èérún irin kan tó bá já bọ́ síbẹ̀, wàhálà ni. Wọ́n á gé ojú kan lára ṣéènì àtijọ́, wọ́n á so ti tuntun mọ́ ìdí ẹ̀, ẹnì kan á máa yí kíránkì jẹ́ẹ́jẹ́, ẹnì kejì á máa ti ti tuntun wọlé, ẹnì kẹta á máa fa ti àtijọ́ jáde. Kò gbọdọ̀ dẹ̀, ẹ kò sì gbọdọ̀ yí i padà sẹ́yìn. Bó bá fo eyín kan, písítìn lè gbá fáàfù lọ́jọ́ tí wọ́n bá ta á. Ọwọ́ mẹ́ta ló ń ṣe é, ẹnì kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ dá a dán wò.

Bí ti tuntun bá ti yípo, wọ́n á so orí ẹ̀ pọ̀, wọ́n á kàn án pa dáadáa. Wọ́n á fọwọ́ yí kíránkì ẹ̀ẹ̀mejì gbáko, wọ́n á tún wo àmì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wo póǹpù, torí ti 240D gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tu epo ní dígírì 24 kí písítìn tó dé òkè. Ibi tí àwọn mí-ìn ti ń sáré nìyí, tí mọ́tò á fi tún máa rú èéfín, tí wọ́n á ní ṣéènì tuntun ni kò dáa. Ẹ má gbàgbé ohun tó ń fún ṣéènì le àti ike tó ń gbára lé. Ẹni tó fi wọ́n sílẹ̀ kàn ran aṣọ tuntun mọ́ àkísà ni.

Kì í ṣe gbogbo mọ́tò ni wọ́n ń ṣe báyìí fún, òmí-ìn gbọ́dọ̀ tú iwájú. Ẹni tí kò bá mu sípánà rí, kó pe ẹni tó mọ̀ ọ́n, kó sì dúró tì í.

ẸNI TÓ TỌ́JÚ TI Ẹ̀ RÈÉ

Awakọ̀ takisí ará ilẹ̀ Gíríìsì kan, Gregorios Sachinidis, fi 240D ti ọdún 1976 rin mílíọ̀nù kìlómítà 4.6, kó tó kó o fún ilé ìtọ́jú nǹkan àtijọ́ ti Mercedes lọ́dún 2004. Ó pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì léraléra, kò sì jókòó dúró de ọjọ́ tó máa kú.

Lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo lọ́dún 2023, tí owó ọkọ̀ gòkè, mọ́tò àtijọ́ tó bá ṣì ń rìn ti di ohun ìní gidi. Àìtètè mólè ni olè fi ń mólóko. Ẹ gbọ́ kẹ́kẹ́kẹ́ lónìí, ẹ ṣí ìdérí lónìí. Ìyá tó ń dúró de tòmátì ẹ̀ l'Ákẹ̀sán ò mọ ohun tó ń jẹ́ ṣéènì. Ohun tó mọ̀ ni pé òun gbọ́dọ̀ pàtẹ láàárọ̀ ọ̀la.