Ọjọ́ Òṣìṣẹ́ Kò Tíì Dé Oko

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ní Òkè-Ìlá, ní Ọ̀rà àti ní gbogbo ilẹ̀ Ìgbómìnà tí ó wà ní Ọ̀ṣun, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a jọ gbé yẹ̀ wò. Ní ọjọ́ kìíní oṣù May ọdọọdún, gbogbo ọ́fíìsì ìjọba a máa tì. Tíṣà, nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé a máa sinmi, nítorí pé Ọjọ́ Àwọn Òṣìṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá gba ọ̀nà oko lọ ní àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, yóò bá alágbàṣe lẹ́nu iṣẹ́ níbi tí ó ti ń kọ ebè tàbí tí ó ń ro abẹ́ kòkó. Iṣu tí àwọn tí ó sinmi yóò jẹ, ọwọ́ ẹni tí kò sinmi ni ó ti wá. Ǹjẹ́ a ti san owó ẹni náà? Ìbéèrè tí a ní lónìí nìyẹn.

Ọjọ́ náà kò ṣàdédé wáyé. Ní oṣù May 1886, ní ìlú Chicago ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn òṣìṣẹ́ yanṣẹ́ lódì pé wákàtí 8 ni kí a máa ṣiṣẹ́ lóòjọ́. Ẹ̀mí ṣòfò nínú ọ̀ràn náà. Ní 1889, ìpàdé kan ní Paris pinnu pé kí òṣìṣẹ́ gbogbo ilẹ̀ jáde ní ọjọ́ kìíní oṣù May 1890. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, ìjọba Kano, nígbà tí Alhaji Abubakar Rimi jẹ́ gómìnà, ni ó kọ́kọ́ fi ọjọ́ náà ṣe ìsinmi ní 1980; ìjọba àpapọ̀ ti Alhaji Shehu Shagari tẹ̀lé e ní 1981. Ẹ kíyèsí i pé ìjọba Kano kan náà ni ó fagi lé owó-orí tí a ń gbà lọ́wọ́ tálákà àti èyí tí a ń gbà lórí màlúù. Wọ́n mọ̀ pé òṣìṣẹ́ kì í ṣe ẹni tí ó jókòó sídìí tábìlì nìkan.

Ṣùgbọ́n òfin ilẹ̀ wa kò tíì rí i bẹ́ẹ̀. Láti 2024, 70,000 náírà ni owó-oṣù tí ó kéré jùlọ tí a lè san fún òṣìṣẹ́. Ó dára. Àmọ́ òfin 2019 tí ó dá ọ̀rọ̀ owó-oṣù yìí sílẹ̀ yọ àwọn kan kúrò. Ó yọ ibi iṣẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25. Ó yọ ẹni tí a ń san owó fún ní ìwọ̀n iṣẹ́ tí ó bá ṣe. Ó tún yọ iṣẹ́ ìgbà-dé-ìgbà, irú bí iṣẹ́ oko. Ẹ jẹ́ kí á bi ara wa: oko mélòó ní àdúgbò wa ni ó ní alágbàṣe 25? Ta ni ó sì ń kọ ebè tí kì í ṣe iye ebè ni a fi ń ṣírò owó rẹ̀? Ilẹ̀kùn mẹ́ta ni ó wà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a sì tì mọ́ alágbàṣe. Nítorí náà, bí olówó-iṣẹ́ bá rẹ́ ẹ jẹ, òfin owó-oṣù kò ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ fún un.

Àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá kò ṣàì mọ ohun tí ìrẹ́jẹ jẹ́. Ní 1968 àti 1969, àwọn Àgbẹ́kọ̀yà dìde nítorí owó-orí tí ó wọ̀ wọ́n lọ́rùn, nítorí owó kékeré tí a ń san lórí kòkó, àti nítorí ìwà àwọn agbowó-orí. Tafa Adéoyè ará Akanran ni orúkọ rẹ̀ lókìkí jùlọ nínú wọn. Tafa yìí, Mustafa ni. A kò yin ẹ̀jẹ̀ tí ó ta sílẹ̀ nígbà náà, ìbáà ṣe ti àgbẹ̀ tàbí ti ìjòyè. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni pé lẹ́yìn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀, ìjọba sọ owó-orí náà di pọ́n-ùn 2 ní oṣù October 1969. Ìlá wà lábẹ́ Western State nígbà náà, àǹfààní náà sì kan àwọn bàbá wa. Síbẹ̀, kò sí ọjọ́ ìsinmi kankan tí ìjọba fi sọrí wọn.

Bí ó ti máa ń rí nìyẹn, àní ní òkè òkun. Ní 1973, àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní oko èso àjàrà ní California yanṣẹ́ lódì. Ọ̀kan nínú wọn ni Nagi Daifallah, Mùsùlùmí, ọmọ ilẹ̀ Yemen, ẹni ọdún 24. Ọlọ́pàá kan fi tọ́ọ̀ṣì lù ú lórí, ó sì kú ní oṣù August ọdún náà. Ní 2000, òfin California fi ọjọ́ ìbí Cesar Chavez, olórí ẹgbẹ́ wọn, ṣe ọjọ́ ìsinmi. Olórí gba ọjọ́. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwa Mùsùlùmí ni ó ti gbọ́ orúkọ alágbàṣe náà rí?

Ẹ jẹ́ kí á wá padà sílé. Ẹni tí ó kígbe pé ìjọba ń jẹ òun níyà kò gbọdọ̀ di ìjọba lé alágbàṣe lórí. A mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Àwọn mìíràn wà tí wọn kì í dá iye owó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá parí tán, ìjà dé. Àwọn mìíràn a máa ní, "Ó di ìgbà tí mo bá ta kòkó." Kòkó yóò gbẹ, a ó tà á, a ó fi owó rẹ̀ ṣe ìnáwó, alágbàṣe yóò sì máa wò. Èyí tí ó burú jùlọ ni ti lébírà ọdọọdún. Bí ó bá ku oṣù kan kí ọdún pé, ọ̀gá yóò wá ẹ̀sùn kékeré kan sí i lẹ́sẹ̀, yóò sì lé e lọ lọ́wọ́ òfo. Ọmọ àjòjì ni, kò ní ará, kò mọ ààfin, kò mọ kóòtù.

Ẹ̀sìn wa kò fi ọ̀nà yìí sílẹ̀ láìsọ nǹkan. Nínú Súrátùl Qasas, a rí bí Ànábì Mùsá ṣe di alágbàṣe ní Madyan. Bàbá àgbà tí ó gbà á síṣẹ́ sọ iye ọdún fún un kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: ọdún 8, bí ó bá sì fẹ́ kí ó pé 10, ọwọ́ rẹ̀ ni ó kù sí. Ó sọ ohun tí Mùsá yóò rí gbà, ó sì fi kún un pé òun kò ní ni ín lára. Ànábì wa Muhammad, kí ìkẹ́ Ọlọ́run máa bá a, da ẹran fún àwọn ará Mẹ́kà gba owó. Òun ni ó kọ́ wa pé kí a san owó òṣìṣẹ́ kí òógùn rẹ̀ tó gbẹ. Ó sì jẹ́ kí a mọ̀ pé ẹni tí ó gba iṣẹ́ pé lọ́wọ́ alágbàṣe tí kò sanwó fún un, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni yóò bá a ṣẹjọ́ ní ọjọ́ ìdájọ́. Ta ni ó lè rí agbẹjọ́rò tí yóò gbà á lọ́wọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀?

Àwọn kan yóò ní, "Àgbẹ̀ náà kò ní owó lọ́wọ́ kí ìkórè tó dé." Òótọ́ ni, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí a sọ ọ́ kí ó tó gbé ọkọ́, kí a má ṣe sọ ọ́ nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Ànábì gbé ilẹ̀ Khaybar fún àwọn ará ibẹ̀ pé kí wọ́n ro ó, kí a jọ pín èso rẹ̀ sí méjì. Pínpín kò burú, bí oníkálukú bá ti mọ ìpín tirẹ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀ yín sí. Kí a dá iye owó àti ọjọ́ sísan níwájú ẹlẹ́rìí méjì, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí a bá ta irè oko, kí owó alágbàṣe ṣáájú aṣọ ọdún àti ìnáwó ilé. Kí àwọn lémọ́ọ̀mù wa sì fi Jímọ́ọ̀ tí ó bá ṣáájú ọjọ́ kìíní oṣù May sọ ọ̀rọ̀ yìí nínú wáàsí. Àìjẹ́ Mùsùlùmí alágbàṣe kò sọ gbèsè di sàráà. Ẹ̀tọ́ ni ẹ̀tọ́ ń jẹ́.

Ìjọba Ọ̀ṣun fi ọjọ́ kìíní ọdún Híjírà ṣe ìsinmi ní 2012. Nítorí náà ó lè fi ọjọ́ kan sọrí àgbẹ̀ àti alágbàṣe bí ó bá fẹ́, a ó sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n Jímọ́ọ̀ pàápàá, lẹ́yìn ìrun, Ọlọ́run yọ̀ǹda fún wa láti tú ká, kí a wá oore rẹ̀ lórí ilẹ̀. Alágbàṣe kò kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí àwọn yòókù ń sinmi. Owó ohun tí ó ti ṣe ni ó ń dúró dè. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Kí Ọlọ́run Ọba má ṣe jẹ́ kí a jẹ òógùn ẹlòmíràn mọ́ oúnjẹ wa. Àmín.