Ṣé o mọ̀? Bàbà àti alumíníọ̀mù kò gbọ́dọ̀ pàdé nínú omi kan náà

Fífi omi mú kọ̀ǹpútà tutù kì í ṣe ohun tuntun: omi wà nínú Power Mac G5 tí Apple gbé jáde ní 2004. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ to irú ètò bẹ́ẹ̀, irú irin tí wọ́n fi ṣe ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ni kó kọ́kọ́ wò, kó tó wo iná aláràbarà. Bàbà ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ẹ̀yà tó ń gba ooru lórí CPU. Bí rẹ́díétọ̀, ẹ̀yà tó ń tú ooru náà sí afẹ́fẹ́, bá wá jẹ́ alumíníọ̀mù, omi tó ń yí láàárín àwọn méjèèjì yóò sọ wọ́n di bátìrì: alumíníọ̀mù á máa jẹrà díẹ̀díẹ̀, èérí rẹ̀ á sì dí àwọn ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ inú bàbà. Oògùn tí wọ́n ń pò mọ́ omi lè fà á sẹ́yìn, ṣùgbọ́n n kò ní gbẹ́kẹ̀ lé e láé. Ra rẹ́díétọ̀ tó jẹ́ bàbà tàbí idẹ.

Ihò onílọ́ G1/4 ló wà lára ọ̀pọ̀ jù lọ ẹ̀yà wọ̀nyí, nítorí náà ẹnu páìpù ilé iṣẹ́ kan á wọ ti òmíràn. Rọ́bà tí omi ń gbà kọjá ni kó o ṣọ́ra fún: èyí tó jẹ́ 10/16 mílímítà (fífẹ̀ inú/fífẹ̀ òde) kò ní wọ ẹnu páìpù 10/13.

Gbé àgbá omi ga ju pọ́ǹpù tó ń ti omi yí lọ, kí omi lè máa ṣàn wọ inú rẹ̀. Pọ́ǹpù tó bá ṣiṣẹ́ láìsí omi nínú lè bàjẹ́ kíákíá.