Kámẹ́rà Kékeré: Irú Èwo Ni Ó Yẹ Kí Ẹ Rà?

Nígbà tí ìyá àgbà kan nínú ẹbí wa pé ọmọ 80 ọdún, tọmọ-tọmọ-ọmọ ni ó péjọ láti bá wọn yọ̀. Léèsì funfun ni ìyá wọ̀ lọ́jọ́ náà, gèlè wọn sì ń dán gbinrin. Fóònù tí wọ́n nà sókè láti ya àwòrán kò lóǹkà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá papòdà ní ọdún kejì, tí a sì ń wá àwòrán kan ṣoṣo tí a ó tẹ̀ síwájú ìwé ètò ìsìnkú, ìṣòro dé. Nínú ọ̀pọ̀ àwòrán náà, léèsì nìkan ni ó mọ́lẹ̀, ojú ìyá ṣókùnkùn. Àwọn mìíràn ti kọjá láti orí fóònù kan dé òmíràn títí tí wọ́n fi di bàìbàì. Fóònù tí àwọn tí ó dára jù wà nínú rẹ̀ ni wọ́n sì ti jí nínú ọkọ̀ èrò. Èyí tí a lò nígbẹ̀yìn, ọmọ-ọmọ wọn kan ni ó fi kámẹ́rà tòkunbọ̀ kékeré kan yà á, irú èyí tí ó ń wọ inú àpò ẹ̀wù.

Láti ìgbà náà ni àwọn ará àti ọ̀rẹ́ ti ń bi wá léèrè irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ tí ó yẹ kí ènìyàn rà fún àwòrán ojoojúmọ́, tí yóò sì rọrùn láti fi ránṣẹ́ sí àwọn tí ó wà lókè òkun. Ẹ̀yin olùkàwé wa ọ̀wọ́n, ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí àwọn tí ń tajà sábà máa ń sọ ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ òótọ́ kan. Ọ̀pọ̀ nínú yín kò nílò kámẹ́rà kankan mọ́ yàtọ̀ sí fóònù tí ó wà lọ́wọ́ yín. Ní ọdún 1975 ni onímọ̀ ẹ̀rọ kan tí ń jẹ́ Steven Sasson, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Kodak ní Amẹ́ríkà, ṣe kámẹ́rà kan tí kò lo fíìmù. Ó wúwo tó kílógíráàmù 3.6, orí kásẹ́ẹ̀tì ni ó ń kó àwòrán sí, ìṣẹ́jú àáyá 23 ni ó sì ń gbà kí àwòrán kan tó wọlé tán. Láti ibẹ̀ ni ó ti gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ní ọdún 2010, kámẹ́rà díjítà tí àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe é, tí ọ̀pọ̀ jùlọ nínú wọn jẹ́ ti Japan, kó jáde fún títà, àti ńlá àti kékeré, lé ní mílíọ̀nù 120. Ní ọdún 2023, kò tó mílíọ̀nù 8 mọ́. Fóònù ni ó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ti tún ń wá àwọn kámẹ́rà kékeré àtijọ́ kiri láti bí ọdún mélòó kan, èyí sì ti mú kí owó wọn gbówó lórí. Àṣà ìgbà ni ìyẹn. Ẹ má ṣe tìtorí rẹ̀ náwó.

Kí wá ni kámẹ́rà kékeré fi ju fóònù lọ? Àkọ́kọ́, lẹ́ńsì rẹ̀ lè nà jáde láti fa ẹni tí ó wà lọ́nà jíjìn sún mọ́ wa. Èkejì, iná fíláàṣì rẹ̀ jẹ́ fíláàṣì gidi, tí ó ń bù yẹ̀rì lẹ́ẹ̀kan náà, kì í ṣe gílóòbù tíntìn-tín tí ó wà lẹ́yìn fóònù. Ẹ̀kẹta, ìpè kì í wọlé sórí rẹ̀ nígbà tí ìyàwó bá ń gé àkàrà òyìnbó, bí wọ́n bá sì jí fóònù yín, àwòrán yín kò bá a lọ. Bí ohun mẹ́ta wọ̀nyí kò bá jẹ́ ìṣòro fún yín, ẹ fi owó yín pamọ́.

Ẹni tí ó bá sì fẹ́ rà á, nọ́ńbà kan wà tí wọ́n máa ń fi tàn wá jẹ, èyí ni megapixel. Wọn a kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí pé 16, pé 20, pé 48. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Fọ́tò tí a fọ̀ ní ìwọ̀n íńṣì 6 sí 4, èyí tí ó kún inú álúbọ́ọ̀mù gbogbo ilé, kò gbà ju megapixel 2 àti díẹ̀ lọ kí ó tó hàn kedere. Bí a bá fẹ̀ ẹ́ tó odindi bébà A4 tí a sì fi há ara ògiri, nǹkan bíi 9 ti tó. Ọ̀pọ̀ jùlọ kámẹ́rà tuntun tí ó wà lórí igbá lónìí ni ó kọjá ìyẹn, nítorí náà nọ́ńbà náà kò sọ ohunkóhun fún yín.

Ohun tí ó ń sọ òótọ́ ni bí abala inú kámẹ́rà tí ìmọ́lẹ̀ ń bà lé ṣe tóbi tó. Sensor ni wọ́n ń pè é. Ẹ rò ó bí agbada tí a gbé síta láti fi gbe omi òjò: bí ẹnu rẹ̀ bá ṣe fẹ̀ tó ni omi tí yóò gbè ṣe ń pọ̀ tó. Nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kékeré tí owó rẹ̀ kò wọ́n, sensor náà kò ju mìlímítà 6.2 sí 4.6 lọ. Nínú àwọn tí ó wọ́n díẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní 1-inch ni ó máa ń wà níbẹ̀. (Orúkọ lásán ni íńṣì yìí o, mìlímítà 13.2 sí 8.8 ni.) Ìlọ́po mẹ́rin ti àkọ́kọ́ ni fífẹ̀ rẹ̀, ìyàtọ̀ náà sì máa ń hàn gbangba nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, tàbí nínú gbọ̀ngàn tí iná rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ tó. Ọ̀pọ̀ fóònù olówó gọbọi ti òde òní ní sensor tí ó tóbi ju ti kámẹ́rà kékeré olówó pọ́ọ́kú lọ. Ẹni tí ó bá ní irú fóònù bẹ́ẹ̀, tí ó sì lọ ra kámẹ́rà tí owó rẹ̀ kéré nítorí kí àwòrán rẹ̀ lè dára sí i, yóò kábàámọ̀, àfi tí ó bá jẹ́ nítorí lẹ́ńsì tí ń nà àti fíláàṣì ni ó ṣe rà á.

Ní ti lẹ́ńsì yìí, súùmù méjì ni ó wà, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni ó sì jẹ́ òótọ́. Èyí tí wọ́n kọ “optical” sí ni lẹ́ńsì fúnra rẹ̀ ń ṣe, tí ó ń nà, tí ó sì ń wọlé padà. Èyí tí wọ́n kọ “digital” sí kàn ń gé etí àwòrán kúrò, ó sì ń fẹ ìyókù lójú ni, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó na aṣọ tí kò tó. Optical ìlọ́po 5 dé 10 tó fún ẹni tí ó jókòó ní àárín gbọ̀ngàn tí ó fẹ́ rí ojú ọmọ rẹ̀ lórí pèpéle.

A fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀ràn ìmọ́lẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àwòrán ìyá wa ti bàjẹ́. Fíláàṣì kámẹ́rà kékeré kì í sábà dé ibi tí ó ju mítà 3 sí 5 lọ. Àwọn tí ń tan fíláàṣì láti ìjókòó ẹ̀yìn nínú ilé ìjọsìn ńlá kò tan ìmọ́lẹ̀ sí ẹnikẹ́ni bí kò ṣe ẹ̀yìn orí ẹni tí ó jókòó síwájú wọn. Ẹ sún mọ́ ẹni tí ẹ fẹ́ yà, tàbí kí ẹ pa fíláàṣì, kí ẹ sì gbé ọwọ́ lé ohun tí kò ní mì.

Bákan náà, a ti rí àwọn àwòrán tí àmì róbótó funfun kún inú afẹ́fẹ́ rẹ̀, tí àwọn kan sì ń sọ pé ẹ̀mí ni. Eruku ni. Nítorí pé fíláàṣì àti lẹ́ńsì fara mọ́ra jù nínú kámẹ́rà kékeré, eruku tí ó wà níwájú lẹ́ńsì máa ń mọ́lẹ̀ bí òṣùpá, pàápàá ní àkókò ọyẹ́.

Ti aṣọ funfun ló wá le jù. Ẹ̀rọ tí ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà gbà gbọ́ pé ohun gbogbo tí ó wà níwájú òun, tí a bá pò wọ́n pọ̀, kò funfun, kò sì dúdú, ó wà láàárín méjèèjì. Bí aṣọ funfun bá wá gba gbogbo iwájú rẹ̀, yóò rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, yóò sì dín in kù. Aṣọ yóò di eérú, ojú ènìyàn dúdú tí ó wọ̀ ọ́ yóò sì rì sínú òkùnkùn. Ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ bí ẹni náà bá kẹ́yìn sí fèrèsé. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun fún àwa aláwọ̀ dúdú. Nígbà ayé fíìmù, káàdì tí àwọn tí ń fọ fọ́tò fi ń wọn àwọ̀, àwòrán obìnrin òyìnbó ni ó wà lórí rẹ̀, ara òyìnbó ni wọ́n sì fi ṣe òdiwọ̀n ara gbogbo ayé.

Àtúnṣe wà, kò sì gba owó. Ẹ wá bọ́tìnì tí wọ́n ya àmì ìròpọ̀ àti ìyọkúrò sí, kí ẹ sún un sí apá ìròpọ̀, bíi 0.7 tàbí 1, kí ẹ tó ya ẹni tí ó wọ aṣọ funfun. Bí ó bá kẹ́yìn sí ìmọ́lẹ̀, ẹ tan fíláàṣì fún un, kódà ní ọ̀sán gangan. Kámẹ́rà tí kò bá ní bọ́tìnì yìí tàbí tí ó fi í pamọ́ sí ibi tí ọwọ́ kò ti ní tètè tó o, ẹ má rà á.

Nípa fífi àwòrán ránṣẹ́, ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ní Wi-Fi. Kámẹ́rà náà fúnra rẹ̀ ni ó ń bá fóònù yín sọ̀rọ̀, nítorí náà kì í jẹ dátà. Àmọ́ ó nílò áàpù tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é gbé jáde, àwọn ilé-iṣẹ́ kan sì ti pa áàpù àwọn kámẹ́rà àtijọ́ tì. Ẹ dán an wò pẹ̀lú fóònù yín kí ẹ tó sanwó. Ohun tí àwa fẹ́ràn jù ni ohun èlò kékeré tí a ń ki káàdì bọ̀, tí a sì ń so mọ́ ìdí fóònù. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ó yá ju Wi-Fi lọ, kì í sì í bínú. Ẹ sáà rí i pé ó bá ìdí fóònù yín mu.

Bí àwòrán bá ti dé orí fóònù, ẹ rántí pé WhatsApp máa ń fún un pọ̀ kí ó lè fúyẹ́, tí a bá sì ń fi í ránṣẹ́ léraléra, yóò máa bàjẹ́ sí i. Láti ọdún 2023 ni wọ́n ti fi àmì HD sí i, èyí tí ó dín ìbàjẹ́ náà kù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ kí ó dé ọwọ́ ọmọ yín ní Lọ́ńdọ̀nù gẹ́gẹ́ bí ó ti rí gan-an, ẹ fi í ránṣẹ́ bí ìwé, níbi tí wọ́n kọ “Document” sí.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, káàdì ni kí ó kọ́kọ́ wò. Àwọn kámẹ́rà àtijọ́ kan láti ọwọ́ Olympus àti Fujifilm ń lo káàdì xD, ti Sony sì ń lo Memory Stick; rírí wọn rà nísinsìnyí jẹ́ wàhálà. Kódà èyí tí ń lo káàdì SD, bí ó bá ti wà ṣáájú ọdún 2006, ó lè má gba káàdì tí ó ju 2GB lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tàn án, kí ẹ sì fetí sí lẹ́ńsì rẹ̀ bí ó ti ń jáde. Bí ó bá ń dún bí ẹni ń lọ gaàrí, iyanrìn ti wọ̀ ọ́. Ẹ ya ojú ọ̀run, kí ẹ wò ó bóyá àbàwọ́n dúdú wà níbẹ̀. Ẹ yọ bátìrì, kí ẹ rí i pé kò wú, kí ẹ sì bèèrè ẹ̀rọ tí ó ń fún un ní iná.

Ní ti orúkọ, díẹ̀ ni a ó dá. Pixpro FZ45 tí wọ́n fi orúkọ Kodak sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ mìíràn ni ó ń ṣe é, ń lo bátìrì AA méjì bíi ti tọ́ọ̀ṣì. Níbi tí iná ìjọba kò ti dúró, oore ńlá ni ìyẹn, ṣùgbọ́n sensor rẹ̀ kéré. Sony RX100 àkọ́kọ́, tí ó jáde ní ọdún 2012, ní sensor 1-inch, ó sì wúwo tó gíráàmù 240 péré; bí ẹ bá rí tòkunbọ̀ rẹ̀ tí ó ṣì dára, òun ni a ó yàn. Ricoh GR III ti ọdún 2019 ń ya àwòrán tí ó rẹwà púpọ̀, àmọ́ kò ní fíláàṣì, kò sì ní súùmù, nítorí náà kò bá irú iṣẹ́ tí a ń sọ yìí mu. Ẹni tí ó bá máa ń ya ìrìbọmi létí odò lè wo OM System TG-7 tí ó jáde ní ọdún 2023, nítorí ó lè wọ omi dé mítà 15.

Ẹ kó àwòrán sórí kọ̀ǹpútà ní ọjọ́ tí ẹ bá yà á gan-an, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kejì sí ibòmíràn. Ẹ tún ọjọ́ inú kámẹ́rà ṣe pẹ̀lú, pàápàá tí bátìrì rẹ̀ bá ti pẹ́ níta, nítorí ó máa ń gbàgbé. Ọmọ-ọmọ ìyá wa kò tún tirẹ̀ ṣe. Títí di òní, bí a bá ṣí àwòrán náà lórí kọ̀ǹpútà, ohun tí ó ń sọ fún wa ni pé ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2008 ni ìyá pé ọmọ 80 ọdún.