Enúgu: Ìlú Tí Èédú Ilẹ̀ Tẹ̀ Dó

Àwọn àpáta ńláńlá tí ó yí Ìkọ̀lé, Ọyẹ́ àti Ìdó ká jẹ́ òkúta líle ti ayébáyé, kò sì sí èédú ilẹ̀ nínú irú òkúta bẹ́ẹ̀. Èédú ilẹ̀ kì í ṣe èédú igi tí àwọn alágbẹ̀dẹ ń lò. Igi àti ewé tí ó wó sínú àbàtà ní ìgbà láéláé ni, tí yanrìn àti amọ̀ bò mọ́lẹ̀, tí ìwúwo ilẹ̀ sì tẹ̀ ẹ́ títí ó fi dúdú tí ó sì le. Ní Nàìjíríà, ìhà ìlà-oòrùn Odò Ọya ni ó pọ̀ sí jù, ibẹ̀ ni ìlú Enúgu sì wà.

Ìtumọ̀ Enúgu ní èdè Ìgbò ni "orí òkè", bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ òkè Udi ni ìlú náà jókòó sí. Orúkọ abúlé kan tí ó wà lókè, Enugwu Ngwo, ni wọ́n fi pè é. Ní ọdún 1909 ni àwọn tí Albert Kitson ṣáájú, tí ìjọba rán láti wá ohun àlùmọ́nì, rí èédú níbẹ̀. Ní 1915 ni wíwà á bẹ̀rẹ̀. Ní 1916, ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin ti so ibẹ̀ pọ̀ mọ́ Port Harcourt. Nítorí pé ìpele ìpele ni èédú náà tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ òkè, àwọn òṣìṣẹ́ kò gbẹ́ kòtò jíjìn bíi kànga. Ńṣe ni wọ́n lu ihò wọ inú òkè lọ tààrà. Òun ni ó wa ọkọ̀ ojú irin, òun náà ni ó sì ń fún ilé iṣẹ́ iná mànàmáná Ìjora ní Èkó lágbára, èyí tí a ṣí ní 1923.

Ṣáájú èédú, abúlé àwọn àgbẹ̀ ni ó wà níbẹ̀, kì í ṣe ìlú ńlá. Nínú àwọn òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́, kì í ṣe gbogbo wọn ni ó fi ìfẹ́ inú ara wọn wá. Àwọn olóyè tí ìjọba gbé ró ni ó ń kó wọn ránṣẹ́. Nígbà tí ó yá, owó oṣù ni ó ń fà wọ́n, àwọn ìyàwó àti àwọn oníṣòwò sì tẹ̀lé wọn. Ìkànìyàn 1963 ka ènìyàn tí ó lé ní 138,000.

Owó oṣù yìí kan náà ni ó fa ìbànújẹ́ ńlá. Àwọn awakùsà ní àfonífojì Iva ń béèrè owó tí ìjọba jẹ wọ́n sẹ́yìn, wọ́n sì dẹwọ́ iṣẹ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá, 1949, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn lù wọ́n. Ènìyàn 21 kú, ọ̀pọ̀ sì fara gbọgbẹ́. Ariwo ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo Nàìjíríà, ó sì fi kún agbára àwọn tí ń jà fún òmìnira.

Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ojú irin yí padà sí epo dísù, àwọn tí ń ra èédú sì dín kù. Ogun abẹ́lé, láti 1967 títí di 1970, tún ba ibi iṣẹ́ jẹ́. Ìlú mìíràn ì bá ti di ahoro. Ṣùgbọ́n Enúgu ti di olú ìlú Ìpínlẹ̀ Ìlà-Oòrùn nígbà kan rí, ó sì ti jẹ́ olú ìlú Ìpínlẹ̀ Enúgu láti 1991. Nítorí náà àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò dín kù, wọ́n ń pọ̀ sí i ni. Ní àdúgbò Coal Camp, tí wọ́n kọ́ fún àwọn awakùsà, àwọn tí ń tún mọ́tò ṣe àti àwọn tí ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ni ó kún ibẹ̀ lónìí.