Eérú Ẹ̀gbin Ìlú Gẹ́gẹ́ Bí Ajílẹ̀

Ohun tí irúgbìn fà láti inú ilẹ̀ kì í run nígbà tí a bá jẹ ẹ́ tán; apá púpọ̀ nínú rẹ̀ a máa bá ìgbẹ́ àti ìtọ̀ jáde. Ọ̀kan nínú wọn ni fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, èyí tí ń mú kí gbòǹgbò ta dáradára, tí ọkà sì ń yọmọ. Ní ọdún 1669 ni Hennig Brand, ará Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì, kọ́kọ́ rí i, nígbà tí ó ń se ìtọ̀ lórí iná láti fi wá wúrà.

Ní àwọn ìlú ńlá Jámánì, omi ẹ̀gbin ilé gbogbo a máa gba abẹ́ ilẹ̀ lọ sí ibi tí a ti ń sọ ọ́ di mímọ́. Nígbà tí omi náà bá tòrò, a ó kó gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀, a ó fún un gbẹ, a ó sì sun ún nínú iná ìléru tí ooru rẹ̀ tó ìwọ̀n 850 Celsius. Iṣẹ́ mẹ́ta ni iná yìí ń ṣe. Èkíní, ó ń pa ẹyin aràn àti kòkòrò àrùn run. Èkejì, ó ń lé náítírójìn, tí ń mú ewé tutù yọ̀yọ̀, lọ sínú afẹ́fẹ́. Ẹ̀kẹta, ó ń fi fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì sílẹ̀ nínú eérú.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun rere nìkan ni ó ń ṣẹ́kù. Òjé, bàbà àti kádímíọ́mù tí ó bá omi ẹ̀gbin wá ṣì wà níbẹ̀, nítorí iná a máa pa àrùn, kì í pa òjé. Bí a bá ń da irú eérú bẹ́ẹ̀ sí oko lọ́dọọdún, wọn yóò máa pọ̀ sí i nínú ilẹ̀. Kádímíọ́mù a sì máa gba inú oúnjẹ wọ ara, a máa ba kídìnrín jẹ́. Pẹ̀lúpẹ̀lù, gbòǹgbò kì í tètè rí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú eérú lásán fà. Ìdí nìyí tí a fi ń fi ásíìdì tú u, tí a sì ń yọ àwọn irin búburú kúrò. Òfin Jámánì ti ọdún 2017 pàṣẹ pé láti ọdún 2029 àwọn ibùdó ńlá gbọ́dọ̀ máa gba fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì yìí padà.

Nítorí náà, kí àgbẹ̀ má ṣe rò pé ọ̀kan náà ni gbogbo eérú. Eérú igi, tí a fi ń ṣe ọṣẹ dúdú, ní pọ́táàṣì púpọ̀. Ti ẹ̀gbin kò ní in tó bẹ́ẹ̀. Kí ó má sì ṣe sun ìgbẹ́ ṣáláńgá fún ara rẹ̀, nítorí iná ẹ̀hìnkùlé kì í jó o délẹ̀, ẹyin aràn a sì yè ní ibi tí kò jó. Bí a bá gbé eérú ẹ̀gbin ìlú wá tà fún un, kí ó kọ́kọ́ béèrè bóyá àwọn tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò fún òjé àti kádímíọ́mù. Èyí tí a kò bá yẹ̀ wò, kí ó má ṣe kan ilẹ̀ tí oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ń gbé hù.