Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Èdè Ìwọ̀n nínú Rírán Aṣọ Ìbora Onírépé

Ìfáárà

Nínú oríṣiríṣi àròkọ tí a ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì, àròkọ ajẹmọ́-ìsípayá a máa fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní wàhálà púpọ̀, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ ni orí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe pé wọn kò mọ iṣẹ́ náà. Ní Ìpele, níbi tí a ti ń kọ́ni, ọmọbìnrin tí ó ti ń jókòó ti ìyá rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ láti kékeré lè gé aṣọ, kí ó sì rán an láì bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ó kọ bí a ṣe ń rán an sílẹ̀, ohun tí a sábà máa ń kà ni pé kí a gé aṣọ náà dáadáa, kí a tò ó dáadáa, kí a sì rán an dáadáa. Dáadáa mẹ́ta yìí kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni ní iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ iṣẹ́ pàdánù máàkì, olùdánwò tí ó ń ka ìwé rẹ̀ kò sì ní mọ̀ pé ó mọ iṣẹ́ rárá.

Nínú iṣẹ́ yìí, a fẹ́ mú iṣẹ́ ọwọ́ kan ṣoṣo, ìyẹn rírán aṣọ ìbora láti ara ìrépé fúlánẹ́ẹ̀lì, kí a fi ìṣòro ìwọ̀n tí ó wà nínú rẹ̀ hàn, kí a sọ bí a ṣe ń tún un ṣe, kí a sì fi í ṣe àpẹẹrẹ fún olùkọ́ àti olùdánwò. Èrò wa ni pé ìwọ̀n ni ẹ̀mí àlàyé iṣẹ́ ọwọ́, àti pé èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí ó tó láti fi sọ ìwọ̀n láì ṣẹ́ ku.

Fúlánẹ́ẹ̀lì ní agbègbè Ọ̀wọ̀

Fúlánẹ́ẹ̀lì ni aṣọ tí a fi òwú tàbí irun àgùntàn hun, tí a sì ha ojú rẹ̀ títí tí ó fi hu irun wẹ́wẹ́. Irun wẹ́wẹ́ yìí ni ó ń mú ooru dání. Ìdí nìyí tí àwọn ìyá fi fẹ́ràn rẹ̀ fún aṣọ ọmọ ọwọ́ nígbà ọyẹ́.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá rò pé aṣọ yìí jẹ́ àjèjì sí wa, kí ó wo òrùfanran, aṣọ oyè tí àwọn ìjòyè ńlá ń wọ̀ ní Ọ̀wọ̀, tí a sì mọ̀ mọ́ iṣẹ́ ológun. Fúlánẹ́ẹ̀lì pupa ni a gé sí wẹ́wẹ́, tí a sì rán lé ara wọn bí ìpẹ́ akika, ẹranko inú igbó tí ó máa ń ká ara rẹ̀ kò bí ewu bá dé. A tún máa ń so ọ̀ṣọ́ tí a fi eyín erin tàbí idẹ ṣe mọ́ ọn lára. Ní Bìní, tí àjọṣe rẹ̀ pẹ̀lú Ọ̀wọ̀ ti pẹ́, òdòdó ni wọ́n ń pe fúlánẹ́ẹ̀lì pupa yìí. Orúkọ yìí wà nínú èdè Yorùbá náà fún aṣọ pupa, Bíbélì Yorùbá sì lò ó fún àwọ̀ pupa. Láti ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, nígbà tí àwọn Potogí dé Bìní, ni aṣọ ilẹ̀ Òyìnbó ti ń gba ojú òkun wọ ilẹ̀ yìí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan iṣẹ́ wa gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ 'aso ododo' láì fi àmì ohùn sí i, a kò ní mọ̀ bóyá aṣọ olóòótọ́ ni ó ń wí ni tàbí aṣọ pupa. Àmì ohùn ni yóò ya òdodo sọ́tọ̀ kúrò lára òdòdó.

Orúkọ tí ó yẹ aṣọ náà

A kò ní orúkọ kan pàtó tí gbogbo ènìyàn mọ̀ fún aṣọ ìbora tí a fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ègé aṣọ rán pọ̀. Àwọn kan ń pè é ní aṣọ alábùlẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ yìí kò bá a mu. Ohun tí a fi dí ojú ihò lára aṣọ tí ó gbó ni abùlẹ̀. Aṣọ tí a ń sọ yìí kò ní ihò, ègé kọ̀ọ̀kan ni ó jẹ́ ara aṣọ náà gan-an. Ní abúlé Gee's Bend ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ti ń fi aṣọ iṣẹ́ tí ó gbó rán irú aṣọ ìbora yìí láti ìran dé ìran. Ní 2002, a pàtẹ iṣẹ́ wọn sí ilé ọnà ńlá ní Houston àti ní New York. Aṣọ gbígbó ni wọ́n fi ṣe é, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò pe iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní abùlẹ̀.

Nítorí náà, aṣọ ìbora onírépé ni a óò máa pè é níhìn-ín. Ìrépé ni ègé aṣọ tí ó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí aránṣọ bá ti gé aṣọ tán. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹni tí ó ti ń ránṣọ fún ọdún púpọ̀ ni ó máa ń ní ìrépé tí ó pọ̀ tó.

Ìṣirò ṣáájú gígé

Ká ní a fẹ́ rán aṣọ ìbora fún ọmọ ọwọ́, tí ìbú rẹ̀ yóò jẹ́ ínǹṣì 36, tí òró rẹ̀ yóò sì jẹ́ ínǹṣì 48. Bí ìrépé kọ̀ọ̀kan bá máa jẹ́ ínǹṣì 6 níbùú lóròó lẹ́yìn rírán, ìrépé 6 ni yóò wà ní ìlà kan, ìlà 8 ni a óò sì ní. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìrépé 48. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ gé wọn sí ínǹṣì 6. A gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ fún ojú ìrán. Etí fúlánẹ́ẹ̀lì máa ń tú ju ti áńkárá lọ, nítorí náà ìdajì ínǹṣì ni ó yẹ kí a fi sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ínǹṣì 7 ni a óò gé.

Aṣọ mélòó ni a óò rà? Bí ìbú fúlánẹ́ẹ̀lì náà bá jẹ́ ínǹṣì 36, ìrépé 5 ni yóò jáde ní ìbú kan. Ìlà 10 ni a óò gé kí a tó rí 48, èyí yóò sì gba ínǹṣì 70. Ọ̀pá 2 jẹ́ ínǹṣì 72. Lójú ìwé, ọ̀pá 2 tó.

Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro àkọ́kọ́ wà, nítorí pé fúlánẹ́ẹ̀lì olówùú máa ń súnkì. Bí ó bá súnkì ní ìdá 5 nínú 100, ìbú rẹ̀ yóò di ínǹṣì 34 àti díẹ̀, òró ọ̀pá 2 yóò sì di ínǹṣì 68 àti díẹ̀. Ìrépé 4 péré ni yóò jáde ní ìbú, ìlà 9 ni yóò sì jáde ní òró. Ìrépé 36 ni a rí, 12 kò sí. Bí a bá ra ọ̀pá 3, a óò rí ìrépé 56, yóò tó, yóò sì ṣẹ́ kù. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọ aṣọ náà, kí a sá a, kí a lọ̀ ọ́, kí a tó gé e. Ẹni tí ó bá rán an tán kí ó tó fọ̀ ọ́ yóò rí i pé ìrépé tí ó wá láti ara aṣọ kan súnkì, èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò súnkì, gbogbo rẹ̀ yóò sì hunjọ.

Kí a sì má ṣe dá ọ̀pá pọ̀ mọ́ mítà. Ọ̀pá kan jẹ́ ínǹṣì 36, mítà kan sì lé díẹ̀ ní ínǹṣì 39. Lórí ọ̀pá 3, ìyàtọ̀ náà tó ínǹṣì 10.

Bí àṣìṣe kékeré ṣe ń di ńlá

Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ká ní aránṣọ kò fi ìdajì ínǹṣì gẹ́lẹ́ ránṣọ, tí ó jẹ́ pé ó fi ìdá kan nínú mẹ́jọ ínǹṣì lé e ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ojú lásán kò lè rí i. Ṣùgbọ́n ìrépé kọ̀ọ̀kan yóò pàdánù ìdámẹ́rin ínǹṣì. Ní ìlà onírépé 6, ínǹṣì kan àti ààbọ̀ ti lọ. Ní òró onírépé 8, ínǹṣì 2 ti lọ. Aṣọ tí ó yẹ kí ó jẹ́ 36 lọ́nà 48 yóò di 34½ lọ́nà 46.

Bí a bá rán ìrépé lé ara wọn bí ìpẹ́, irú àṣìṣe yìí lè fara pamọ́, nítorí pé èyí tí ó wà lókè yóò bo àléébù èyí tí ó wà nísàlẹ̀. Nínú aṣọ ìbora onírépé, etí sí etí ni a ń rán an. Kò sí ibi tí àṣìṣe lè sá sí.

Àtúnṣe

Bí ìrépé kò bá dọ́gba, a kò gbọdọ̀ fà wọ́n kí wọ́n lè dọ́gba. Fúlánẹ́ẹ̀lì máa ń nà, pàápàá láti igun dé igun, ohun tí a bá fi ipá nà yóò sì padà lẹ́yìn tí a bá fọ̀ ọ́. Ohun tí ó yẹ ni pé kí a wọn gbogbo wọn, kí a mú èyí tí ó kéré jù, kí a sì rẹ́ àwọn yòókù sí ìwọ̀n rẹ̀, bí ìyàtọ̀ náà kò bá pọ̀. Bí ó bá pọ̀, kí a yọ èyí tí ó kéré náà kúrò, tàbí kí a rán etí tẹ́ẹ́rẹ́ yí i ká kí a tó rẹ́ ẹ.

Bí ìlà kan bá gùn ju èkejì lọ, kí a tú ojú ìrán, kí a sì tún un rán. Kí a kọ́kọ́ fi pínnì mú àárín méjèèjì pọ̀, lẹ́yìn náà kí a mú ìpẹ̀kun méjèèjì, kí a tó gán an.

Bí gbogbo aṣọ bá kúrú tàbí tí ó bá fún, ọgbọ́n tí àwọn aránṣọ òfì ti ń lò ni ó yẹ kí a lò. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni aṣọ tí ọkùnrin ń hun lórí òfì, a sì máa ń rán awẹ́ púpọ̀ pọ̀ kí ó tó di ìró. Bí kò bá fẹ̀ tó, awẹ́ ni a ń fi kún un. Bákan náà, bí ó bá ku ínǹṣì kan lórí àti nísàlẹ̀ aṣọ ìbora, awẹ́ tí a óò gé yóò fẹ̀ tó ínǹṣì 2, nítorí pé ìdajì ínǹṣì yóò wọ ojú ìrán ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àárín aṣọ ni kí a ti wọn gígùn awẹ́ náà, kì í ṣe etí rẹ̀, nítorí pé etí ti lè nà. Awẹ́ tí a bá wọn láti ara etí tí ó ti nà yóò máa jó bí etí ìgbì.

Èdè iṣẹ́ náà

Láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ibi tí a dé yìí, ọ̀rọ̀ tí a lò fún ìṣòro ìwọ̀n kò ju mélòó kan lọ, ṣùgbọ́n ọ̀kan kò lè rọ́pò èkejì. Kúrú àti gùn jẹ́ ti òró. Fún àti fẹ̀ jẹ́ ti ìbú. Súnkì jẹ́ ti ohun tí omi ṣe sí aṣọ, hunjọ sì jẹ́ ti ojú aṣọ tí kò tẹ́jú mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ pé 'aṣọ náà kéré' kò tíì sọ ohun tí ó ṣe aṣọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀-ìṣe: gé ni a ń lò nígbà tí a bá kọ́kọ́ ya ìrépé kúrò lára odidi aṣọ, rẹ́ ni a ń lò fún etí tí ó yọ jù, gán jẹ́ ti ìránmú tí a óò tún tú, rán sì jẹ́ ti èyí tí yóò dúró.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi èyí wé dáadáa mẹ́ta tí a mẹ́nu bà: 'Fọ fúlánẹ́ẹ̀lì ọ̀pá 3, sá a, kí o sì lọ̀ ọ́. Gé e sí ìrépé 48, kí òró àti ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ínǹṣì 7. Fi ìdajì ínǹṣì sílẹ̀ fún ojú ìrán ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí o bá rán ìlà kan tán, wọ̀n ọ́n kí o tó rán èkejì.' Kò sí òwe níbẹ̀, kò sí ẹwà èdè kankan. Síbẹ̀, ẹni tí kò rán irú aṣọ yìí rí lè tẹ̀ lé e.

Àbá fún olùkọ́ àti olùdánwò

Àbá mẹ́ta ni a ní. Èkíní, bí a bá ń yẹ irú àròkọ yìí wò, kí a bi ara wa léèrè bóyá ẹni tí ó kà á lè ṣe iṣẹ́ náà. Òwe tí kò ran àlàyé lọ́wọ́ kò yẹ kí ó gba máàkì ìtumọ̀ tí ó ṣe kedere.

Èkejì, kí a ya ìró ẹ̀ka-èdè sọ́tọ̀ kúrò lára orúkọ ohun tí a kò ní lọ́nà mìíràn. Ọmọ agbègbè wa tí ó kọ uṣẹ́ àti ulé ní láti kọ́ bí a ṣe ń kọ iṣẹ́ àti ilé nínú Yorùbá àjùmọ̀lò. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ òrùfanran, kí a má ṣe fi pẹ́ńsù pupa fà á. Kò sí orúkọ mìíràn fún un.

Ẹ̀kẹta, kí a gba ọ̀rọ̀ àyálò bí ínǹṣì àti fúlánẹ́ẹ̀lì bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ wọ́n ní ìlànà Yorùbá, ṣùgbọ́n kí a kọ́ ọ pé ọ̀pá ti wà nílẹ̀ kí yáàdì tó dé.

Ìkádìí

A ti fi hàn pé ohun tí ó ń ba aṣọ ìbora onírépé jẹ́ náà ni ó ń ba àlàyé rẹ̀ jẹ́, ìyẹn ìwọ̀n tí a kò sọ. Kí olùkọ́ má ṣe dúró di ọjọ́ ìdánwò kí ó tó mú un wọ kíláàsì, torí pé nígbà náà, aṣọ kò bá Ọmọ́yẹ mọ́. Kí ó mú okùn ìwọnṣọ kan àti ìrépé mẹ́rin lọ sí kíláàsì, kí ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ àlàyé, kí ẹlòmíràn tí kò mọ iṣẹ́ náà sì rán an gẹ́gẹ́ bí àlàyé náà ti wí. Bí àpapọ̀ rẹ̀ kò bá jẹ́ ínǹṣì 12 lọ́nà 12, kí àwọn méjèèjì padà sínú ìwé, kí wọ́n wá ọ̀rọ̀ tí ó sọnù.