ARIWO Ń JẸ ETÍ ONÍṢẸ́ ỌWỌ́ DÍẸ̀DÍẸ̀: Ẹ ṢỌ́ ÌGBÍN INÚ ETÍ YÍN O!

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń lọ ata lọ́jà, ẹ̀yin wẹ́dà, ẹ̀yin tí ẹ ń lu páànù mọ́tò, ẹ̀yin káfíńtà tí ẹ ń fi máṣìnnì la pákó, ọ̀rọ̀ tòní kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Bí wọ́n bá ń pè yín lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó dáhùn, tí àwọn oníbàárà wá ń sọ pé ẹ ti ń gbéra ga, tàbí tí àwọn ọmọ yín ń bẹ̀ yín pé kí ẹ dín rédíò kù, ẹ má kàn sọ pé ogbó ló dé. Ẹ má sì tíì lọ máa fi ẹ̀sùn kan ìyá àgbà ilé. Ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ tí ẹ fi ń jẹun gan-an ló ń jẹ etí yín.

BÍ OLÚWA ṢE TO ETÍ

Etí tí à ń rí lóde, tí à ń so yẹtí sí, ẹnu ọ̀nà lásán ni. Ihò rẹ̀ wọlé lọ títí ó fi kan awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó nà bí awọ ìlù. Bí ohùn bá ti lu awọ yìí, á gbọ̀n. Lẹ́yìn awọ náà ni yàrá kékeré kan wà, egungun mẹ́ta ló so kọ́ra wọn níbẹ̀. Ọ̀kan dà bí òòlù, èkejì dà bí irin tí alágbẹ̀dẹ ń lu nǹkan lé lórí, ẹ̀kẹta dà bí àlùkẹ́mbù tí ẹlẹ́ṣin ń ki ẹsẹ̀ bọ̀. Ẹ̀kẹta yìí ló kéré jù nínú gbogbo egungun ara èèyàn, gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mìlímítà 3 lọ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń gbé ohùn wọ inú lọ́hùn-ún.

Inú lọ́hùn-ún yẹn ni ìgbín wà. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, bẹ́ẹ̀ ló rí gan-an! Ó ká bí ìkarahun ìgbín, ó ká tó ẹ̀ẹ̀mejì ààbọ̀, omi ló sì kún inú rẹ̀. Àwọn ohun tíntìntín kan tó ní irun lórí wà nínú rẹ̀, nǹkan bí 15,000 nínú etí kan. Bí ohùn bá ru omi yìí, irun wọn á máa tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún bí koríko etí odò, wọn á sì ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Ìgbà yẹn la tó gbọ́ ọ̀rọ̀. Georg von Békésy tó ṣàlàyé bí ohùn ṣe ń rìn nínú ìgbín yìí gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1961.

IBI TÍ ARIWO TI Ń ṢỌṢẸ́

Bí èèyàn kan bá tẹ koríko mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, koríko á tún dìde. Bó bá wá jẹ́ pé gbogbo ọjà ló ń gba orí rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ ńkọ́? Ilẹ̀ ibẹ̀ á pá. Bí ariwo ṣe ń ṣe irun inú etí nìyẹn. Bó bá sì ti kú, kì í hù mọ́. Adìẹ sàn jù wá lọ níbí o! Láàárín ọdún 1987 sí 1988 ni àwọn onímọ̀ rí i pé ti ẹyẹ máa ń hù padà. Tèèyàn kì í hù.

Àwọn tó ń gbọ́ ohùn tín-ín-rín ló máa ń kọ́kọ́ kú. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ní àrùn yìí fi máa ń gbọ́ pé wọ́n ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tí kò ní mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹ ní kó fà á, ó gbọ́ ṣà á. Bí ìjà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn láàárín ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́, láàárín tọkọtaya pàápàá. Kì í dunni, kì í ṣẹ̀jẹ̀, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í tètè mọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tòní. Lọ́dún 1886, dókítà kan ní Glasgow tó ń jẹ́ Thomas Barr yẹ etí àwọn tó ń lu irin àgbá ńlá tí wọ́n fi ń se omi ẹ́ńjìnnì wò, ó sì rí i pé ariwo iṣẹ́ wọn ti ba etí wọn jẹ́.

Dẹ́síbẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn ariwo. Bó bá dé 85, kò yẹ kéèyàn wà nídìí rẹ̀ ju wákàtí 8 lọ lóòjọ́. Bó bá dé 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni! Ẹ̀yin tí ẹ kò ní ẹ̀rọ ìwọ̀n, ẹ wo èyí: bí ẹni tí ọwọ́ yín lè tó bá ní láti pariwo kí ẹ tó gbọ́ ohun tó ń sọ, ibẹ̀ ti léwu. Bí etí yín bá sì ń hó lẹ́yìn iṣẹ́, ó ń kìlọ̀ fún yín ni.

ÒÒYÌ ŃKỌ́?

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbín yìí ni ọ̀pá kéékèèké mẹ́ta kan wà tó tẹ̀ bí òrùka, omi wà nínú tiwọn náà. Wọ́n wà lára ohun tí kì í jẹ́ kéèyàn máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Nítorí pé ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, òòyì àti etí dídi sábà máa ń rìn pọ̀. Ní Paris lọ́dún 1861, dókítà Prosper Ménière ló ṣàlàyé fáyé pé òòyì lè ti inú etí wá, nígbà tí àwọn yòókù ń sọ pé ọpọlọ ló ń dà á sílẹ̀. Àrùn kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní: ilé á máa yí, èébì á máa gbéni, etí kan á máa hó, á dà bíi pé nǹkan dí i. Ó lè tó ogún ìṣẹ́jú, ó lè tó wákàtí mélòó kan kó tó lọ, á sì tún padà wá. Omi inú etí ló pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kì í ṣe pé ọ̀tá fi ránṣẹ́.

Ṣùgbọ́n o, kì í ṣe gbogbo òòyì ló ti inú etí wá. Bí ẹnu bá wọ́, tàbí bí apá tàbí ẹsẹ̀ kan bá rọ, ọsibítù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni!

OHUN TÓ YẸ KÍ Ẹ ṢE

Ẹ̀kínní, ẹ jẹ́ kí dókítà wo etí náà. Bó bá jẹ́ ìdọ̀tí ló dí i, tàbí ó ń ṣọyún, ó ní ìtọ́jú. Bó bá jẹ́ ìgbín ló bàjẹ́, ẹ̀rọ ìgbọ́ràn lè ran yín lọ́wọ́. Àwọn dókítà etí wà ní UCH, Ìbàdàn.

Èkejì, ẹ yé fi ìyẹ́ adìẹ tàbí igi ìṣáná rin etí. Ẹ lè fi lu awọ inú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ ra ohun tí wọ́n fi ń bo etí lẹ́nu iṣẹ́, kí ẹ sì rà á fún ọmọ iṣẹ́ yín náà. Òwú lásán kò tó. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà síbi tí ẹ jókòó sí, kí ẹ sì máa sinmi kúrò nídìí ariwo.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má gba abẹ́rẹ́ kiri. Gentamicin àti streptomycin lè pa irun inú etí, bẹ́ẹ̀ ni kùníìnì àlòjù máa ń jẹ́ kí etí hó. Dókítà nìkan ni kó pàṣẹ wọn.

Ẹ̀karùn-ún, bí etí bá ṣàdédé di láàárín ọjọ́ kan, ẹ má sọ pé ẹ ó wò ó títí di oṣù tó ń bọ̀. Bí ẹ bá tètè lọ, oògùn lè gbà á là. Bó bá pẹ́, ó lè má gbọ́ mọ́.

Ẹni tó bá ti rí irú èyí rí lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, kó kọ lẹ́tà sí wa. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n kọ, ẹ ní kí ọmọ yín bá yín kọ ọ́, a ó tẹ̀ ẹ́ jáde kí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín lè rí i kà.